Iṣẹ́ Ọnà Ní Ẹnu Ọ̀nà Ìlú: Láti Òpó Ààfin Dé Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ àjèjì létí àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ nípa ère àti àwòrán tí àwọn orílẹ̀-èdè ń gbé kalẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ni, kí gbogbo èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ lè máa wò ó. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ló kan Ọ̀rọ̀-Àgọ́ nínú ọ̀rọ̀ bàálù? Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa tí ń gba ojú òfuurufú kọjá pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Ìgbómìnà tí a ti jáde wá jẹ́ ilẹ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà láti ayébáyé. A fẹ́ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a tó sọ ohun tí a rò pé ó yẹ kí á ṣe.

Ní ayé àwọn baba wa, kò sí àlejò tí í wọ ìlú Yorùbá kan láìrí iṣẹ́ ọnà. Bí ó bá dé ààfin, òpó gbígbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kí i: obìnrin tó kúnlẹ̀ gbé igbá, jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tó pọn ọmọ. Kí ọba tó jáde sí i, òpó àti ilẹ̀kùn ti sọ irú ilé tí ó dé fún un. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni, ìtàn sì ni pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ tí ó yé ni jù lọ ni ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ bí ọba ti gba òyìnbó aláṣẹ ní àlejò. Ọba jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó náà sì ń bọ̀ lókè, àwọn alárùù gbé e lórí. Ẹ ò rí i pé ìtàn bí èrò ti ń wọ̀lú ni wọ́n gbẹ́ sára ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà wọlé.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí kan náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, ọkàn wọn sì fà sí i. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ògògà ní pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn náà sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù títí di òní olónìí. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Art Institute ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Èkìtì tí ó bá fẹ́ rí ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi ń kí àlejò ní láti wọ bàálù kí ó tó rí i.

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú dé, ẹnu ọ̀nà ìlú yí padà. Kì í ṣe odi ìlú ni àlejò ń gbà wọlé mọ́, kì í sì í ṣe etí òkun nìkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà tètè mọ̀ pé ibi tí àlejò kọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò yẹ kí ó ṣófo. Ní ọdún 1936 àti 1937, ìjọba wọn san owó iṣẹ́ fún Arshile Gorky, ọmọ ilẹ̀ Armenia tí ó sá àsálà lọ sọ́dọ̀ wọn, láti ya àwòrán ńlá mẹ́wàá sí ara ògiri pápá ọkọ̀ òfuurufú Newark. Ní ọdún 1942, James Brooks parí àwòrán tirẹ̀ ní LaGuardia ní New York. Gbọ̀ngàn róbótó ni ilé náà. Àwòrán yìí sì yí ògiri rẹ̀ ká. Bí ọmọ ènìyàn ti ń làkàkà láti fò ló yà síbẹ̀, láti orí àlá àwọn ará àtijọ́ dé orí ọkọ̀ òfuurufú ayé òde òní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ológun gba pápá Newark, wọ́n sì kun ọ̀dà bo iṣẹ́ Gorky. Ọ̀dà gun orí ọ̀dà títí ayé fi gbàgbé pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ọnà wá a kàn lẹ́yìn ọdún 1970, méjì péré ni wọ́n rí nínú mẹ́wàá. Ti Brooks pàápàá, ní ọdún 1952 ni wọ́n kùn ún pa. Ọdún 1980 ni wọ́n tó tún un ṣe tí ojú rẹ̀ fi là. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni a kì í mọ iyì ohun tí a ní. Ìlú tí ó lówó jù lọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìtàn ara rẹ̀ rẹ́, bí kò bá sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1957, wọ́n ṣí National Gallery ní Salisbury, ìlú tí à ń pè ní Harare nísinsìnyí. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Frank McEwen ni alákòóso rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ran àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti máa gbẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n ó kórìíra ère wẹ́wẹ́ tí àwọn oníṣòwò ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún arìnrìn-àjò tó ń kánjú. “Iṣẹ́ ọnà pápá ọkọ̀ òfuurufú” ni ó ń pè é, ó sì fi orúkọ náà ṣe ẹ̀gàn. Ohun tí wọ́n kàn ṣe kí ó ṣáà lè wọ àpò èrò ni. Kò ní ìtàn nínú, kò sì ní ọ̀wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lónìí, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ogún ère òkúta láti Zimbabwe ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí èrò ń rìn kọjá láti ìsọ̀rí T lọ sí ìsọ̀rí A. Kì í ṣe fún títà. Ọmọ ìran àwọn tí McEwen ràn lọ́wọ́ ni iṣẹ́ náà, ibi tí ó sì fi ń bú àwọn ère wẹ́wẹ́ ni iṣẹ́ wọn ti di ohun àpọ́nlé. Ní ọdún 2024, èrò tí ó gba pápá Atlanta kọjá lé ní 100 mílíọ̀nù. Kò sí pápá ọkọ̀ òfuurufú tí ó pọ̀ lérò tó o láyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dé Zimbabwe láéláé, síbẹ̀ Zimbabwe ti kí wọn.

Nígbà tí a ronú kan ibi yìí ni ọkàn wa lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Òkúta ni Zimbabwe fi ń yangàn ní Atlanta. Àwa náà ní òkúta. Ní Ẹ̀sìẹ́, lẹ́bàá Òmù-Àrán, ère òkúta tí ó lé ní 800 ni ó wà lójú kan. Kò sí ibòmíràn ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí a ti rí ère òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbì kan ṣoṣo. Òkúta tí ó rọ̀ tí irin lè gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Àwọn kan kéré tó ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Gíga àwọn mìíràn sì lé ní mítà kan. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́, ẹlòmíràn ń lu ohun orin. Irun dídì wọn àti ilà ojú wọn hàn kedere.

Bí àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń sọ ọ́, àlejò ni àwọn wọ̀nyí tí wọ́n di òkúta, ọdẹ kan ló sì kọ́kọ́ bá wọn nínú igbó. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn títí di òní lórí irú ènìyàn tí ó gbẹ́ wọn. Ní ọdún 1933 ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé ìjọ C.M.S., sọ ọ́ di mímọ̀ fún ìjọba. Ní ọdún 1945, wọ́n kọ́ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀. Òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Jọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni.

Bákan náà ni iṣẹ́ igi. Bámigbóyè ti Odò-Ọwà, tí ó kú ní ọdún 1975, gbẹ́ agbárí ńláńlá fún ọdún ìbílẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ náà ní Òmù-Àrán. Ní ọdún 2022, Yale University ní Amẹ́ríkà ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó dúró ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Àjọ UNESCO bu ọlá fún un ní ọdún 2006, kí ó tó papòdà ní ọdún 2009.

A mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ère ti di ohun àtijọ́, pé kí á má tún gbé òrìṣà dìde. A kò fi ojú kéré ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Mùsùlùmí ni Lámídì Fákẹ́yẹ. Ilé iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947 ló sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹògún, tí ó fi gbẹ́ igi fún ilé ìsìn Kátólíìkì. Mùsùlùmí ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀. Pípa ohun mọ́ yàtọ̀ sí bíbọ ọ́. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Kí wá ni a ń fẹ́? Èkínní, a ń rọ ẹgbẹ́ wa kí ó pa ohùn pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ìlú Ìgbómìnà yòókù, kí á jọ kọ ìwé sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìlọrin. Kí àwọn ère tí a gbẹ́ ní àwòṣe ti Ẹ̀sìẹ́ máa kí èrò níbẹ̀. A kò ní kí wọ́n hú ojúlówó kúrò ní Ẹ̀sìẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ojúlówó kúrò nílé rẹ̀ ti tún ṣe ti ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà láàyè ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, kí wọ́n sì sanwó wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ìlú rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè Yorùbá. Kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí ọlọ́dà má baà tún kùn ún bí ti Newark.

Èkejì, èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Kí agbolé kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀rọ̀-Àgọ́ ka ohun gbígbẹ́ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀: ilẹ̀kùn, òpó, àpótí, ìlù, agbárí. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ẹ̀rọ ayàwòrán lọ́wọ́ ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí bí àgbà kan bá ti lọ, ìtàn òpó rẹ̀ ti bá a lọ. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, owó yín àti ìmọ̀ yín wúlò púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta, bí oníṣòwò kan bá wá sí agbolé yín tí ó ní òun fẹ́ ra igi gbígbẹ́ àtijọ́, ẹ má tà á. Láti ọdún 1953 ni òfin ti de gbígbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Òfin ọdún 1979 tún fi okùn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ dè é. Owó tí wọ́n bá san kò ní pẹ́ tán, ọmọ ọmọ wa yóò sì wá máa wọ bàálù lọ wo ohun ìní wa ní ìlú onílùú.

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlọrin tí kò rí nǹkan kan ju ògiri funfun lọ, orúkọ wo ni a fẹ́ kí ó sọ wá? Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí ó sì bùkún Ọ̀rọ̀-Àgọ́ àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àmín.