Alimotu Pelewura: Ìyá ọlọ́jà tí kò gba ọgọ́rùn-ún pọ́ùn

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Apple Junction, ní Amuwo-Odofin, yóò rí àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwa náà máa ń kọjá níbẹ̀, a sì máa ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n kì í sábà wá sí wa lọ́kàn pé àwọn obìnrin ọlọ́jà ti bá Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ̀yá ìjà rí ní Èkó yìí kan náà. Àdúgbò Festac kò tíì pẹ́ láyé. Àjọyọ̀ FESTAC ti ọdún 1977 ló bí i. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà Èkó jù ú lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a sọ̀rọ̀ lórí Alimotu Pelewura, olórí ẹgbẹ́ náà.

Pelewura kò kàwé. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà, ẹja ni òun náà tà. Ọmọ Èkó ni, mùsùlùmí sì ni. Ní nǹkan bí ọdún 1910, Ọba Eṣugbayi Elékòó fi í joyè nítorí ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà. Nígbà tó yá, ó di olórí ọjà Ereko, ó sì di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó. Ní àárín ọdún 1930 sí 1939, ìjọba fẹ́ kó ọjà Ereko lọ sí Olúwọlé. Pelewura àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yarí. Wọ́n tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ò gbà, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, ìjọba ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju 50 pọ́ùn lọ́dún máa san owó orí. Ọjà dá páropáro. Àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà, wọ́n sì lọ bá Herbert Macaulay. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ ìbò, kí ló dé tí yóò fi san owó orí? Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé iye náà sókè sí 200 pọ́ùn. Owó orí kò kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti oúnjẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gbẹ́ni Pullen ni ìjọba fi ṣe alákòóso iye tí wọn yóò máa ta gààrí àti oúnjẹ mìíràn. Kí a má ṣègbè: oúnjẹ ti wọ́n, ara sì ń ni òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba dá kò tó iye tí àwọn obìnrin fi ń rajà lóko. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin yóò jẹ gbèsè; ẹni tó bá rú u yóò délé ẹjọ́. Ìjọba wá fi 100 pọ́ùn lóṣù lọ Pelewura, kó lè bá wọn mú kí ètò náà rìn. Ó kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1945, ètò Pullen kógbá sílé. Ọdún yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, àwọn obìnrin ọlọ́jà sì dúró tì wọ́n.

Nígbà tí Pelewura kú ní ọdún 1951, wọ́n ní àwọn tó sin ín tó 25,000.

Ohun tí àwa rí kọ́ kò ju èyí lọ: agbára Pelewura kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ni í, kò sì lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí, àwa náà ń dìbò yan olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, olórí ẹgbẹ́ àdúgbò náà sì wà. Tí àpò owó bá dé ọwọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀, ṣé wọn yóò rántí ẹni tó rán wọn níṣẹ́?

Tí ẹ bá délé, ẹ bi ìyá yín pé ta ni ìyálọ́jà ọjà wọn, kí ló sì ṣe fún wọn. Ìtàn ńlá wà nínú ọjà tí a kò tíì kọ sílẹ̀.