Òfin ojú fún ojú

Òfin ojú fún ojú jẹ́ ìlànà ìdájọ́ kan nínú òfin Ísírẹ́lì àtijọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ òfin ń pè ní lex talionis ní èdè Látìnì. Ó wà nínú Ẹ́kísódù orí 21, Léfítíkù orí 24 àti Diutarónómì orí 19. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ti ẹ̀san lẹ́yìn, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì, ìjánu ni òfin náà jẹ́ fún ẹ̀san.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 4, Lámẹ́kì fọ́nnu pé òun pa ẹni tó ṣe òun léṣe, àti pé ẹ̀san tòun yóò jẹ́ ìlọ́po 77. Irú àṣejù báyìí ni òfin náà dá dúró: ìyà kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Kò sì yọ ẹrú sílẹ̀, nítorí ẹrú tí ọ̀gá rẹ̀ bá fọ́ lójú yóò di òmìnira.

Ìlú ààbò

Nọ́ńbà orí 35 pàṣẹ ìlú ààbò mẹ́fà; lára wọn ni Hébúrónì àti Ṣékémù. Ẹni tó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, bí ẹni tí irin àáké rẹ̀ yọ nínú igbó tó sì ba ẹnìkejì rẹ̀, a sá lọ síbẹ̀ kí ìbátan olóògbé má baà pa á kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Yóò máa gbé ibẹ̀ títí olórí àlùfáà yóò fi kú. Àwọn àgbà ìlú a máa fa ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn lé ìbátan náà lọ́wọ́, kò sì lè fi owó ra ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbátan náà ṣì ni ó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dá ẹjọ́. Ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo kò sì tó láti pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ́kísódù orí 22 ní kí ẹni tí ẹran rẹ̀ jẹ oko ẹlòmíràn fi èyí tó dára jù nínú oko tirẹ̀ san án. Àgbẹ̀ Àgọ́-Àmọ́dù, Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí ọ̀rọ̀ oko àti màlúù ti dá aáwọ̀ sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Ìsanpadà ni òfin náà béèrè. Kò ní kí a lu darandaran.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ

Augustine Mímọ́ kọ ọ́ nínú ìwé tó fi dá Faustus lóhùn pé òfin yìí kò dá ìbínú sílẹ̀, ààlà ni ó pa fún un. Jésù lọ síwájú sí i nínú Mátíù orí 5, níbi tó ti ní kí a má fi ibi san ibi. Katikísíìmù Ìjọ ka ìfẹ́ láti gbẹ̀san sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yin ìsanpadà tó ń tún ìwà ṣe tó sì ń pa òdodo mọ́. Ní 2018, Póòpù Francis yí apá kan nínú rẹ̀ padà láti kọ ìdájọ́ ikú pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Nàìjíríà ṣì fàyè gbà á.

Ẹ̀kọ́ yìí kojú ìdánwò ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn pa ó kéré tán 40 ènìyàn ní ìjọ Kátólíìkì Francis Mímọ́. Emmanuel Badejo, bíṣọ́ọ̀bù Ọ̀yọ́, tí Òkè-Ògùn wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, ni ó wàásù níbi ìsìnkú wọn. Ìjọba ni ó kọjú ìbéèrè sí, nípa ààbò ẹ̀mí àwọn ará ìlú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá lórí ìkọlù náà. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi.