Olùtọ́sọ́nà Nínú Kíláàsì: Ohun Tí Yóò Mú Kí Ó So Èso Ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Títọ́ olùkọ́ sọ́nà nínú kíláàsì yàtọ̀ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí a máa ń pe àwọn tíṣà jọ sí nínú gbọ̀ngàn. Olùkọ́ àgbà tó mọ iṣẹ́ dunjú ni yóò lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, yóò wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yóò jọ fẹnu kò lórí ohun kan tàbí méjì tó yẹ ní àtúnṣe, yóò sì tún padà wá wò ó.

Ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní ẹkùn North West ní Gúúsù Áfíríkà, láàárín ọdún 2015 sí 2016, wọ́n dán an wò láti fi kọ́ àwọn ọmọdé ní kíkà èdè Setswana. Ilé-ẹ̀kọ́ 50 gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn, 50 mìíràn sì ní olùtọ́sọ́nà tó ń bẹ̀ wọ́n wò. Ohun èlò kan náà ni wọ́n fún apá méjèèjì, síbẹ̀ èrè tí àwọn ọmọ jẹ lápá àwọn olùtọ́sọ́nà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti apá kejì.

Ní Èkìtì, ìgbẹ́kẹ̀lé ló ṣe kókó jù. Lọ́dún 2012, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fẹ́ ṣe ìdánwò láti mọ ibi tí àwọn olùkọ́ ti nílò ìrànlọ́wọ́. Ìjọba ní kì í ṣe láti fi lé ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, kọ̀ jálẹ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà kò sì jókòó fún un. Ẹni tí ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ bá ń bà kò ní fi ibi tó kù sí han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, olùtọ́sọ́nà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìsípẹ́kítọ̀, ohun tó bá sì kọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú fáìlì ìgbéga olùkọ́.

Ìkejì ni ìrìn-àjò. Láti Ìjerò dé Ìpótì, láti Arámọkọ dé Eríjìyàn àti Ìkògòsì, títí dé àárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fọ́n káàkiri. Olùtọ́sọ́nà tí kò bá rí owó ọkọ̀ gbà, èyí tó wà létí títì nìkan ni yóò máa bẹ̀ wò. Ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ra ni kí a fún ẹnì kan.

Ìkẹta ni sùúrù. Ìwádìí tí Matthew Kraft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lọ́dún 2018, tó kó ìwádìí 60 pọ̀, fi hàn pé bí irú ètò yìí bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ó sàn kí a bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀, kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì yọ̀ǹda àkókò fún ìjíròrò náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.