Augustus Kò Jí Ọjọ́ Kankan Lára Fẹ́búárì

Bí Fẹ́búárì bá ti ń parí lọ, ìtàn kan wà tí mo máa ń gbọ́ láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, títí kan Okokomaiko. Olùkọ́ ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, èrò ń sọ ọ́ nínú dánfó. Wọ́n ní Augustus, olú-ọba Róòmù, jowú pé Júláì, oṣù Julius Caesar, ní ọjọ́ 31, ti òun sì jẹ́ 30 péré. Ló bá yọ ọjọ́ kan lára Fẹ́búárì, ó fi kún Ọ́gọ́ọ̀sì.

Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ní Antium, nítòsí Róòmù, wọ́n rí kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n kùn sára ògiri kí Caesar tó tún kàlẹ́ńdà ṣe. Lórí rẹ̀, ọjọ́ 28 ni Fẹ́búárì ti ní. Sextilis, tó di Ọ́gọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà, ní 29.

Ọjọ́ 355 ni ọdún wọn nígbà náà, àwọn àlùfáà a sì máa ki oṣù kan bọ̀ ọ́ láàárín nígbà tó bá wù wọ́n. Ó dàrú débi pé Caesar ní láti fa ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù gùn dé ọjọ́ 445 kó tó lè tò ó. Ó wá pín ọjọ́ 10 tó ń dín nínú ọdún: méjì-méjì fún Jánúárì, Sextilis àti Dìsẹ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Épírìlì, Júùnù, Sẹ̀tẹ́ńbà àti Nòfẹ́ńbà. Báyìí ni Sextilis ṣe di 31. Ó tó ọdún 37 lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fi orúkọ Augustus pè é. Johannes de Sacrobosco, ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ní Paris ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ló tan ìtàn olè yìí kálẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá, nítorí ìtàn náà ń kọ́ ọmọ pé ìlara ọba ló bí gígùn oṣù. Èdè wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù tí à ń kà náà ni oṣù tó ń lé lójú ọ̀run. Láti ìgbà tó bá lé sí ìgbà tí òmíràn á lé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àbọ̀. Méjìlá rẹ̀ jẹ́ 354. Mùsùlùmí tó ń wo òkè kó tó gba ààwẹ̀ mọ̀ pé bí oṣù kò bá jẹ́ 29, á jẹ́ 30. Ibẹ̀ ni Róòmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba sí oríire, ni wọ́n ṣe sọ ọdún di 355. Fẹ́búárì, oṣù ìwẹ̀nùmọ́ àti ètùtù òkú, ló wá gba iye tó pín dọ́gba.

Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí Fẹ́búárì fi kúrú, ẹ má pa ìtàn olè fún un mọ́. Ẹ mú un jáde nírọ̀lẹ́, ẹ fi oṣù tuntun hàn án, kí ẹ sì jọ máa ka ọjọ́ títí òmíràn yóò fi lé.