Ìṣàkójọ Àwọn Orísun Rédíò Bàìbàì Nínú Àyẹ̀wò Sánmà

Orísun rédíò ni ohunkóhun lójú sánmà tó ń tú ìgbì rédíò jáde: oòrùn, àwókù ìràwọ̀ tó ti bú gbàmù, àti àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Èyí tó bàìbàì nínú wọn ni èyí tí ìgbì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ariwo tó ń ti inú ẹ̀rọ àti ojú sánmà wá. Kí irú wọn tó lè hàn, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ a dojú tẹlisíkóòpù rédíò kọ apá kan ṣoṣo nínú sánmà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, wọn a fi ohun tí wọ́n gbà ya àwòrán, wọn a sì to orísun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé àkójọ. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni pípinnu èyí tó jẹ́ orísun gidi àti èyí tó jẹ́ ariwo lásán.

Jansky ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí orísun ṣe lágbára tó. Wọ́n fi sọrí Karl Jansky, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ ṣàwárí ìgbì rédíò láti inú agbo ìràwọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni millijansky, ìdá kan nínú mílíọ̀nù rẹ̀ sì ni microjansky. Orísun bàìbàì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ millijansky kan.

Ìtàn

Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni díẹ̀ lára àkójọ tó lórúkọ jù ti jáde. Ní 1955, àwọn tó ń bá Martin Ryle ṣiṣẹ́ gbé ìwé kejì wọn, 2C, jáde pẹ̀lú orísun 1,936. Nígbà tí Bernard Mills àti Bruce Slee ní Sydney, Ọsirélíà, fi ẹ̀rọ tiwọn yẹ apá kan sánmà náà wò, púpọ̀ nínú orísun inú 2C ni wọn kò rí. Ojú ẹ̀rọ Cambridge kò mú tó. Àwọn orísun kéékèèké tó sún mọ́ra ń wọnú ara wọn, wọ́n sì ń fara hàn bí ẹyọ kan tó lágbára. Ìwé kẹta, 3C, tó jáde ní 1959 lẹ́yìn tí wọ́n ti lo fíríkúẹ́ǹsì tó ga sí i, kò gbà ju orísun 471 lọ. Lára àwọn wọ̀nyí ni 3C 273 wà, èyí tí Maarten Schmidt fi hàn ní 1963 pé ó jìnnà kọjá agbo ìràwọ̀ wa.

Láàárín 1993 sí 1996, àyẹ̀wò NVSS fi tẹlisíkóòpù VLA ní New Mexico, tó ní abọ́ 27 tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 25, wo ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo sánmà. Ó kó orísun tó tó mílíọ̀nù 1.8 jọ.

Fífẹ̀ àti jíjìn

Àyẹ̀wò tó fẹ̀ kì í sábà jìn, nítorí pé wákàtí tí wọ́n lè fi lo ẹ̀rọ kò pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ariwo inú àwòrán dín sí ìdajì, àkókò tí ẹ̀rọ fi ń wo ibẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò jíjìn fi ń dúró sójú kan. Iṣẹ́ VLA-COSMOS tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017 gba wákàtí 384 lórí apá sánmà tí kò ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Ariwo rẹ̀ wálẹ̀ dé microjansky 2.3, orísun 10,830 ni wọ́n sì rí níbẹ̀.

Tẹlisíkóòpù MeerKAT, tó ní abọ́ 64 ní aṣálẹ̀ Karoo ní Gúúsù Áfíríkà, lọ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán DEEP2 rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní ariwo tí kò ju microjansky 0.55 lọ. Wọ́n dìídì yan ojú sánmà tí orísun alágbára kò sí nítòsí rẹ̀, torí pé irú orísun bẹ́ẹ̀ máa ń ta òrùka àti ìlà èké sí gbogbo àyíká rẹ̀ nínú àwòrán. Ní ti èyí tó fẹ̀, ìpín kejì àyẹ̀wò LoTSS, tí wọ́n fi ẹ̀rọ LOFAR ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣe, kó orísun 4,396,228 jọ ní 2022 láti inú wákàtí 3,451.

Láti ìgbì dé àwòrán

Abọ́ kan kò lè dá rí ohun kékeré lọ́nà jíjìn. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ń so ìgbì tí abọ́ méjì-méjì gbà pọ̀, títí gbogbo wọn fi máa ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ńlá kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń yọ ìgbì fóònù, ọkọ̀ òfuurufú àti sátẹ́láìtì kúrò, wọ́n sì ń fi orísun tí a ti mọ agbára rẹ̀ dájú tún ìwọ̀n ẹ̀rọ ṣe. Nítorí pé àlàfo wà láàárín àwọn abọ́, àwòrán àkọ́kọ́ máa ń dọ̀tí. Ìlànà CLEAN, tí Jan Högbom gbé jáde ní 1974, ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́: kọ̀ǹpútà á wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù, á yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó bá a wá, á sì tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.

Yíya orísun kúrò lára ariwo

Ètò kọ̀ǹpútà bíi PyBDSF àti Aegean ló ń ṣe ìpín yìí. Ariwo kì í dọ́gba káàkiri àwòrán, nítorí náà wọ́n ń díwọ̀n rẹ̀ ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Ààlà tó wọ́pọ̀ ni pé kí orísun ga ju ariwo àdúgbò rẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Bí àwòrán kan bá ní àyè mílíọ̀nù 50 tí ariwo ti lè gbérí, tí wọ́n sì fi ààlà sí ìlọ́po mẹ́ta, ariwo nìkan á bí orísun èké tó lé ní 67,000, ìyẹn ìlọ́po mẹ́fà gbogbo orísun inú VLA-COSMOS. Ní ìlọ́po márùn-ún, èké náà á wálẹ̀ sí bíi 14.

Ibi tó bá kọjá ààlà ni ètò náà ń díwọ̀n. Ìlà kan nínú ìwé àkójọ máa ń sọ ibi tí orísun wà, bí àṣìṣe ìwọ̀n náà ṣe lè pọ̀ tó, gíga orí rẹ̀, àpapọ̀ agbára rẹ̀, ìtóbi rẹ̀ àti ariwo àdúgbò rẹ̀. Bí àpapọ̀ agbára bá ju gíga orí lọ dáadáa, a jẹ́ pé orísun náà fẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àdírẹ́sì rẹ̀: J1229+0203, orúkọ mìíràn fún 3C 273, túmọ̀ sí wákàtí 12 ìṣẹ́jú 29 lórí ìwọ̀n ìlà-oòrùn sánmà, àti dígírì 2 ìṣẹ́jú 3 sí àríwá.

Àyẹ̀wò ìwé àkójọ

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ láti dán àkójọ wò. Èkíní ni kí wọ́n yí àwòrán padà, kí ohun tó wà lókè òdo bọ́ sísàlẹ̀. Níwọ̀n bí orísun gidi kì í ti wà nísàlẹ̀ òdo, gbogbo ohun tí ètò bá tún rí nínú àwòrán tí wọ́n yí padà yìí, èké ni. Ìkejì ni kí wọ́n ri orísun àtọwọ́dá tí agbára rẹ̀ yé wọn mọ́ inú àwòrán, kí wọ́n wo iye tí ètò yóò rí. Ọ̀nà yìí ló ń fi hàn pé orísun tó wà létí ààlà sábà máa ń lágbára lójú ju bó ṣe rí gan-an lọ. Àwọn tó bàìbàì pọ̀ ju àwọn tó lágbára lọ, nítorí náà àwọn tí ariwo gbé gòkè kọjá ààlà pọ̀ ju àwọn tó tì sísàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ohun tí àkójọ ń fi hàn

Nínú àwọn orísun alágbára, agbo ìràwọ̀ tó ní ihò dúdú ńlá láàárín ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí agbára bá ti lọ sísàlẹ̀ millijansky 0.1, agbo ìràwọ̀ tó ń bí ìràwọ̀ tuntun ló ń gba ipò iwájú. Ìràwọ̀ ńláńlá inú wọn ń bú gbàmù, ìbúgbàmù náà ń ti ẹ̀lẹ́kítíróònù sáré yí agbára òòfà ká, ìgbì rédíò sì ń tibẹ̀ jáde. Eruku kì í dí ìgbì yìí lọ́nà, nítorí náà rédíò ń fi ìbí ìràwọ̀ tí ojú lásán kò lè rí hàn.

Ìgbì rédíò irú èyí kì í sọ bí orísun ṣe jìnnà tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹnìkejì rẹ̀ nínú àwòrán ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ yìí le níbi tí ihò dúdú kan bá ti ń tu ohun inú rẹ̀ sí apá méjì, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè kà á bí orísun méjì tàbí mẹ́ta. Nínú LoTSS, àwọn olùyọ̀ǹda lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bá wọn so irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ojú ènìyàn ló tún kọ́kọ́ rí àwọn òrùka rédíò àràmàǹdà tí wọ́n ń pè ní ORC, nínú àwòrán tí tẹlisíkóòpù ASKAP ní Ọsirélíà yà ní 2019. Ètò tó ń wá ohun tí a ti mọ ìrísí rẹ̀ kò tọ́ka sí wọn.