Ìgbìmọ̀ Tutu àti Àwọn Tó Pè É ní Olójúsàájú

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa yìí la máa ń rántí nígbàkigbà tí a bá gbọ́ orúkọ Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ti Gúúsù Áfíríkà. Kí àwọn ará ibẹ̀ má baà fi ọgbọ̀n ọdún wọ́ ara wọn káàkiri ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ náà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kóòtù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé kejì fún un. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣèjọba tẹ́lẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Àwọn tó jà fún òmìnira náà pè é lẹ́jọ́. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà kúrò, ẹ̀sùn kan náà ló wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì: ojúsàájú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ ọ́ níbi ìjókòó pé bí ọ̀tún bá ń bú onílàjà, tí òsì náà ń bú u, a jẹ́ pé ó tọ̀nà nìyẹn. Àwa tí iṣẹ́ ìṣirò owó ń bọ́ kò lè gba èyí wọlé. Ọ́dítọ̀ lè mú gbogbo ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bínú, kí ìwé rẹ̀ má sì péye síbẹ̀. Ó yẹ ká tú ẹ̀sùn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin nọ́ḿbà 34 ti ọdún 1995 ló bí ìgbìmọ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1960, oṣù tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn ní Sharpeville, títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 1994 tí Mandela gba ìjọba, ni wọ́n ní kí wọ́n wádìí. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe, tó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló sún òun ṣe é, lè rí ìdáríjì gbà lábẹ́ òfin. Èèyàn 17 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu sì ni alága. Wọ́n gbé orúkọ 25 wá fún Mandela. Ó mú 15 níbẹ̀, ó wá fi méjì kún un fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn Áfríkánà bíi Wynand Malan àti Chris de Jager wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Olóyè Mangosuthu Buthelezi àti ẹgbẹ́ Inkatha rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ ANC ló pọ̀ jù, pé kí wọ́n má retí àwọn.

Ẹ̀sùn ẹgbẹ́ National Party la fẹ́ kọ́kọ́ dá láre díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, F. W. de Klerk wá síwájú ìgbìmọ̀, ó ní ìjọba òun kò pàṣẹ ìpànìyàn. Lẹ́yìn èyí ni Tutu àti igbákejì rẹ̀, Alex Boraine, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, tí inú wọn bàjẹ́ gidigidi, tí wọ́n sì jẹ́ kó hàn pé àwọn kò gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà gbọ́. Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ kì í sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí. National Party gba kóòtù lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìgbìmọ̀ tọrọ àforíjì, ìjà sì parí. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe náà nìyẹn.

Ẹ̀yìn èyí ni a wá rí ohun tó yà wá lẹ́nu jù. Ní òpin ọdún 1997, ẹ̀ka tó ń rí sí ìdáríjì fún àwọn aṣáájú ANC 37 ní ìdáríjì lápapọ̀, Thabo Mbeki pàápàá wà nínú wọn, láìjẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Bí ìgbìmọ̀ yìí bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ANC bí àwọn kan ti ń wí, kí ló tún kù? Kó dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga láti pe ìpinnu ẹ̀ka tirẹ̀ lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé ìdáríjì náà lọ́dún 1998.

Nígbà tí ìwé àbọ̀ fẹ́ jáde lóṣù Kẹwàá ọdún náà, ó kàn ANC. Ìwé náà ní ogun òmìnira tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn èèyàn wọn ní àgọ́ wọn ní Àǹgólà, àti bọ́ǹbù tó pa ará ìlú tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀, kò tọ̀nà. ANC sáré lọ sí kóòtù ní Cape Town pé kí wọ́n dá ìwé náà dúró. Wọn kò rí i gbà. Ọjọ́ kan náà tí kóòtù lé wọn padà, ọjọ́ 29 oṣù náà, ni Tutu gbé ìdìpọ̀ márùn-ún lé Mandela lọ́wọ́ ní Pretoria. De Klerk ti gba àṣẹ kóòtù ní tirẹ̀, wọ́n sì fi tádà dúdú bo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mandela ní òun gba ìwé náà bó ṣe rí, tòun ti àbùkù rẹ̀.

Àbùkù wà lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ojú iṣẹ́ wa ti ń ṣí. Ẹ̀rí tó wọlé láti ẹnu àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lé ní 21,000. Ta ló wá, ta ni kò wá? Àwọn tí aṣáájú wọn ní kí wọ́n má lọ, ẹkún tiwọn kò ní pọ̀ nínú ìwé. Ìwé náà ka ikú sí Inkatha lọ́rùn, ó pọ̀; Inkatha ní ojúsàájú ni, ó lọ sí kóòtù, ìdìpọ̀ méjì tó kẹ́yìn kò sì jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 2003. Lápá kejì, ìgbìmọ̀ rí i pé lọ́dún 1993, olú ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba nìkan ti sun àkọsílẹ̀ tó tó 44 tọ́ọ̀nù nínú iná ìléru. P. W. Botha kò tilẹ̀ yọjú rárá. Nílé wa náà, àwọn ọ̀gágun mẹ́ta tó ti ṣe olórí ìjọba ló kọ̀ tí wọn kò jẹ́ ìpè Onídàájọ́ Oputa. Ẹni tó kó rìsíìtì rẹ̀ jóná, tó tún ń bú ọ́dítọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ wọ́ sápá kan, òun gan-an ló wọ́ ọ.

Ẹ̀sùn kan wà tí a kò rí èsì fún. Lọ́dún 1996, ìdílé Steve Biko àti àwọn mìíràn lọ sí Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí Òfin Ìpìlẹ̀ pé ìdáríjì yìí gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n pàdánù. Nínú èèyàn 7,112 tó tọrọ ìdáríjì, 849 péré ló rí i gbà. Àwọn ọlọ́pàá tó tọrọ rẹ̀ lórí ikú Biko kò rí i gbà lọ́dún 1999. Ìlérí ni pé ẹni tí kò bá rí ìdáríjì gbà yóò rí adájọ́. Nǹkan bí 300 ẹjọ́ ni wọ́n kó fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, ìjọba ANC tó sì wà lórí oyè lákòókò náà jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ máa kó eruku. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìdílé 25 kó ìjọba lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Cyril Ramaphosa ní kí ìgbìmọ̀ tuntun kan, tí Onídàájọ́ Sisi Khampepe jẹ́ alága rẹ̀, wádìí ẹni tó dá àwọn ẹjọ́ náà dúró.