Ìṣirò Inú Orúkọ Oǹkà

Nígbà tí ìyá aláta kan ní ọjà Ìkòtún pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún mi, ẹ̀mí kan ṣoṣo ni ó fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ńlá ni ó wà nínú rẹ̀: igba lọ́nà mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, a sì ti yọ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ kí ó tó di ohun tí a ń fọhùn.

Owó ẹyọ ni àwọn Yorùbá Àwórì tí ó tẹ àgbègbè Àlímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún wà, dó fi ń ná ọjà láyé àtijọ́. Ogójì ẹyọ a wọ okùn kan, àádọ́ta okùn a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a di ọ̀kẹ́ kan. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní Ìjàyè, sì kọ ọ́ ní 1887 pé àwọn tí ń ka owó náà a máa ṣà á ní márùn-ún márùn-ún, àti pé láti inú kíkà yìí ni ètò oǹkà wa ti jáde.

Ẹ wo márùndínláàádọ́ta, èyí tíí ṣe 45. Ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni àádọ́ta. Lára ìyókù ni a ti wá yọ márùn-ún. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọ márùn-ún nínú mẹ́wàá, kí ó tó yọ èyí tí ó kù nínú ọgọ́ta, 55 ni yóò bá lọ́wọ́. Ti àádọ́ta ọ̀kẹ́, tíí ṣe 1,000,000, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí a bá kọ́kọ́ sọ ọ̀kẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá kí a tó yọ ọ́ nínú ọgọ́ta, gbèsè ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ó dín ọgọ́ta ni a ó bá níwájú. Ahọ́n àwọn ìyá wa ni àmì àkámọ́ wọn, òun ni ó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣírò.

Ẹ̀rọ kò bá ọgbọ́n mímọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣírò wáyé. Ní 1961 ni Edsger Dijkstra, ará Hólàǹdì, ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá àmì ìṣirò kan dúró, bí ọkọ̀ ojú irin tí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú lè kọjá. Lónìí, àkójọ ètò tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Àlímọ̀ṣọ́ kan náà, ń pè láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 2014, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe sọ nọ́ńbà di orúkọ oǹkà Yorùbá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà Ìkòtún lọ́jọ́ náà, ọmọdé kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi ìyá aláta náà pé kí ni Yorùbá ń pe 45. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, ó ku márùn-ún kí ó tó àádọ́ta.”